Aṣọ Gíláàsì Tí Mo Fọ̀, àti Ọkọ̀ Tí Ẹ Tà

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú èéfín ẹja, ẹ kú ìfaradà ẹsẹ̀ tí ó ń dùn yín. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Warri níbí, mo sì mọ̀ pé ká ní iwájú yín ni mo wà, ẹ̀ bá ti ní kí n dìde tipẹ́, pé ilẹ̀ tutù. Mo kí àbúrò mi Tósìn àti ìyàwó rẹ̀. Mo kí gbogbo ìjọ. Mo kí Àlàgbà tí yóò jókòó ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Àlàgbà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fo ibì kankan. Ibi tí ó bá le, ẹ kà á bí mo ṣe kọ ọ́.

Màmá, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi yẹn náà ni. Ọkọ̀ fáíbà tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, tí mo fi ránṣẹ́ sílé fún Tósìn, tí ẹ sì ti tà. Orúkọ ẹni tí ẹ tà á fún ni mo ń wá. Mo ti béèrè lórí fóònù títí ohùn mi fi há, ẹ ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. N kò lè fi í sílẹ̀, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìdí ọkọ̀ yẹn yóò ṣí lójú omi, tí èèyàn yóò sì wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé lẹ́tà yìí fún àwọn oníwèé ìròyìn kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, tí mo sì bẹ àwọn kan kí wọ́n kà á lórí rédíò. Bí ẹ kò bá sọ orúkọ fún mi, bóyá ẹni náà yóò gbọ́ fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú yóò tì yín. Ojú ń ti èmi náà, ẹ jẹ́ kí ó tì wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tí kò mọ̀ wá rí. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ọmọ apẹja. Nígbà tí Bàbá wa kú, mo tẹ̀lé àwọn ìbátan wa tí wọ́n ń gbé etí omi wá sí Warri. Mo rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ fáíbà. Ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń gbá. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n máa po résìn. Nígbà tí ó yá, èmi ni mo ń sọ fún àwọn ọkùnrin ibi tí wọn yóò tẹ́ aṣọ sí, wọ́n sì ń pè mí ní Mama Fiber, èmi tí n kò tíì bí ọmọ kankan. Ní Warri, bí ọwọ́ rẹ bá mọ iṣẹ́, orúkọ kì í pẹ́ débá ọ.

Ẹ máa ń bi mí pé kí ni fáíbà yìí gan-an. Gíláàsì ni. Yanrìn ni wọ́n yọ́ nínú iná ńlá ní òkè òkun, wọ́n fà á títí ó fi tín-ín-rín ju irun orí lọ, wọ́n wá hun ún bí aṣọ, wọ́n ká a jọ ní ìdì ìdì. A ó tẹ́ aṣọ náà sínú igbá ńlá kan tí ó ní ìrísí ọkọ̀. A ó da résìn lé e lórí, omi kan tí ó ki bí oyin ni, a ó fi rólà tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn jáde, a ó tún tẹ́ òmíràn lé e. Bí résìn bá le tán, òun àti aṣọ di ara kan ṣoṣo. Kò wúwo bí igi, kì í sì í jẹrà. Ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ń wọ èèyàn lára. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo wá sílé tí ẹ rí ọwọ́ mi tí ẹ ní ta ni ó fi èsìsì nà mí. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Gíláàsì ni ó wà nínú awọ ara mi.

Òjò ibí kò mọ ìsinmi. Bí ó bá ti wọ oṣù òjò, résìn kì í fẹ́ le, a ó jókòó sábẹ́ páànù, a ó máa wo ọ̀run. Yàrá kan ni mo gbà ní Ugbolokposo. N kì í gbọ́ Yorùbá àfi ọjọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbẹ̀ pàápàá, bí mo bá bi àwọn ọmọdé pé báwo ni ilé, wọ́n á ní “We dey, Auntie.” Wọ́n gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ o, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò gbé e. Nígbà mìíràn mo máa ń sọ Ìlàjẹ sínú ìkòkò ọbẹ̀ kí n má baà gbàgbé rẹ̀. Ẹ má bínú pé n kò sọ èyí fún yín rí, n kò fẹ́ kí ẹ máa sunkún ni.

Ó di ìgbà kan tí omi kún, ó wọ ilé ìkẹ́rùsí wa. Ẹ mọ omi ìhà ibí, kì í ṣe omi lásán, epo rọ̀bì ń léfòó lórí rẹ̀. Ìdì aṣọ gíláàsì tí ó wà nílẹ̀ mumi yó. Nígbà tí omi fà, wọ́n dúdú, wọ́n ń rùn, ẹrẹ̀ wà láàárín wọn. Ọ̀gá wa káwọ́ lérí. Ó ní kí a gbé wọn dànù, pé ó ti tán.

Èmi ni mo ní rárá. Màmá, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Bí àwọ̀n bá ti odò dé tí epo àti ẹrẹ̀ bà á jẹ́, ta ni ó ń sọ̀rọ̀ dídànù nílé wa? A ó gbé omi kaná, a ó bu ọṣẹ sí i, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a ó ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, a ó sá a. Bàbá mi kò ju àwọ̀n ìdọ̀tí sómi rí títí ó fi kú, ó ní ìwà ọ̀lẹ ni, pé ẹja náà mọ ilé tí ó mọ́. Nítorí náà mo ká aṣọ mi sókè. A fi pẹtiróòlù nu epo rọ̀bì kúrò. A se omi gbígbóná sínú dúrọ́ọ̀mù, a da ọṣẹ ẹlẹ́búlẹ́bú sí i, a ti aṣọ gíláàsì bọ̀ ọ́, a fi igi rò ó. Nítorí pé oòrùn kò sí, a dá iná sábẹ́ páànù, a tẹ́ aṣọ náà lé e lórí kí ó gbẹ.

Obìnrin kan wà tí ń gbé oúnjẹ wá fún wa lọ́sàn-án, ará Úróbò, Mama Tega ni wọ́n ń pè é. Ṣítáàsì, òkèlè ìhà ibí, àti ọbẹ̀ ẹyìn ni ó ń tà. Ọjọ́ tí a ń fọ aṣọ yẹn, ó gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò mọ aṣọ fọ̀, ó bọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú mi. Àwa méjèèjì ni a fún ìdì tí ó gbẹ̀yìn. Ó ń dápàárá pé bí mo bá lọ́kọ, ọkọ mi kò ní wọ aṣọ ìdọ̀tí láé.

Aṣọ náà funfun bí aṣọ àdúrà. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń gan díẹ̀ lọ́wọ́, ara rẹ̀ a sì máa dán. Nígbà tí a fọ̀ ọ́ tán, ó rọ̀ bí òwú. Mo rò pé ìdọ̀tí ni ó kúrò lára rẹ̀. Ọ̀gá wa gbé mi gẹ̀gẹ̀ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní ọmọ Yorùbá yìí ní ọpọlọ. Inú mi dùn débi pé mo sọ fún yín lórí fóònù, ẹ sì ní ẹ̀jẹ̀ Bàbá mi ni.

Ọkọ̀ mẹ́ta ni a fi aṣọ náà ṣe. Ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ń kó èrò lọ sí àwọn abúlé etídò. Ìkejì lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò ẹja kan. Ìkẹta, èmi ni mo bẹ ọ̀gá pé kí ó jẹ́ kí n fi èyí tí ó kù ṣe tèmi, kí ó máa yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Ọkọ̀ Tósìn nìyẹn. Mo ṣe é ju àwọn yòókù lọ. Mo fi aṣọ kún ìdí rẹ̀ ní ìlọ́po kan sí i, nítorí mo mọ bí òkun wa ṣe rí. Mo kùn ún ní búlúù, mo fa ìlà funfun sí i létí. Nígbà tí Tósìn gbé e délé, ẹ ki oríkì mi lórí fóònù títí káàdì yín fi tán. N kò gbádùn ohunkóhun tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, kí n sọ òtítọ́.

Ọkọ̀ oníṣòwò ẹja ni ó kọ́kọ́ padà wá. Ìdí rẹ̀ wú, awọ rẹ̀ ń ṣí bí èépá. A lẹ̀ ẹ́, a kùn ún, a dá a padà, kò sí ẹni tí ó ronú kan nǹkan kan. Kò pẹ́ sígbà náà ni ti ọlọ́kọ̀ èrò ya. Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, omi ń ru, ọkọ̀ sì kún. Àwọn tí ó yèbọ́ sọ pé àwọn gbọ́ ìró kan lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn, lẹ́yìn náà ìdí ọkọ̀ ṣí sílẹ̀, omi sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí ó mọ̀wẹ̀ wẹ̀ dé bèbè. Mama Tega kò mọ̀wẹ̀. Ó ń lọ kí àbúrò rẹ̀ tí ó bímọ ni.

Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀ ní Agbassa. Mo jẹ ìrẹsì níbẹ̀, Màmá. Gbogbo wa ní igi ni ọkọ̀ náà kọlù, igi tí omi gbé wá. Ọ̀gá wa sọ ọ́, awakọ̀ náà gbà, èmi náà mi orí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wọ́ àfọ́kù ọkọ̀ náà wá sí ilé iṣẹ́ wa, mo sì ti wò ó. Ojú ibi tí ó ti ya, òwú gíláàsì yọ síta gbẹrẹfu, ó mọ́ tónítóní, résìn kankan kò lẹ̀ mọ́ ọn. Fáíbà tí ó dára kì í ya bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ ya, ṣe ni résìn yóò di òwú mú gírígírí. Mo gé díẹ̀ níbẹ̀, mo fi bébà wé e, mo gbé e sínú báàgì mi.

Ẹnjiníà kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé wá láti Èkó. Irú aṣọ gíláàsì yìí kan náà àti résìn ni wọ́n fi ń wé páìpù epo tí ìpẹtà bá ti ń jẹ. Lẹ́yìn ìsìn, mo gbé àfọ́kù náà fún un. Ó fi èékánná fa òwú kan, òwú náà jáde wẹ́rẹ́. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ẹnì kan fọ aṣọ yìí kí a tó lò ó.

Mo ní rárá.

Kò bá mi jiyàn. Ó kàn jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ní gíláàsì àti résìn kò fẹ́ràn ara wọn, pé bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kò ní dì mọ́ra. Nítorí náà, níbi tí wọ́n ti ń fa òwú gíláàsì, kí ó tó tutù tán ni wọ́n ti ń fi kẹ́míkà kan pa á lára, fẹ́ẹ́rẹ́, ojú lásán kò lè rí i. Kẹ́míkà yẹn ní ọwọ́ méjì. Ó fi ọ̀kan di gíláàsì mú, ó fi èkejì di résìn mú. Ó ní alárinà ni. Ní ìgbéyàwó tiwa, bí ọkọ àti ìyàwó bá mojú ara wọn tán, alárinà a yẹ̀bá. Ti fáíbà kò rí bẹ́ẹ̀, bí alárinà bá kúrò, ìgbéyàwó tú. Omi ni yóò wọ àárín wọn, díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Lójú, ọkọ̀ náà yóò máa dán. Ó ní kò sí ohun tí ó ń lé alárinà yẹn lọ bí ọṣẹ gbígbóná, pẹtiróòlù àti iná, àti pé ọṣẹ tí ó bá ṣẹ́kù sínú òwú tún ń ba iṣẹ́ jẹ́ sí i. Ohun mẹ́ta tí mo fi fọ aṣọ ni ó kà sí mi létí, láìmọ̀ pé èmi ni.

Mo délé, n kò lè jẹun. Mo ní bóyá kò rí bẹ́ẹ̀, bóyá ìwé ni ó ń sọ. Ó ti sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń dán an wò, ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nínú ilé ìdáná ni. Mo ra aṣọ gíláàsì tuntun díẹ̀ ní Deco Road, mo mú ègé kékeré tí ó ṣẹ́kù lára èyí tí a fọ̀, mo fi résìn kan náà ṣe àwo kékeré méjì, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n le tán, mo gbé àwọn méjèèjì sínú ìkòkò omi lórí sítóòfù láti àárọ̀, mo ń bu omi kún un. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, èyí tuntun ṣì wà bí mo ṣe ṣe é. Èkejì ti funfun bí ògì. Mo fi èékánná bó o, ó bó bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá mi, mo sunkún, mo bú ara mi ní gbogbo èdè tí mo gbọ́.

Mo padà lọ bá Ẹnjiníà, mo sọ pé irọ́ ni mo pa, èmi ni mo fọ̀ ọ́. Ó béèrè iye ọkọ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá a lè fi kẹ́míkà náà kùn wọ́n padà. Ó ní wọ́n lè fi pa aṣọ lára kí a tó da résìn sí i, bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá wọ̀n ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ti le, ó ti bọ́. Gígé ni oògùn rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá wa, ẹ̀rù bà á ju bí ó ṣe bínú lọ. Ó ní “Bose, lock mouth. Water don carry am go.” Ó ní ta ni yóò gbé ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ wa mọ́, pé àwọn òṣìṣẹ́ tí ó kù ńkọ́, pé ṣé èmi ni Ọlọ́run ni. N kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò nítumọ̀. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò ní ogún ọdún. Mo bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ mi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo lọ bá oníṣòwò ẹja, mo sọ fún un. Ó bú mi, ó bú ìran mi, ẹ forí jì í. Lẹ́yìn èébú, ó gbé ayùn wá. Nígbà tí a rẹ́ ọkọ̀ náà, àárín rẹ̀ ṣí ní pele pele bí ìwé tí omi bà jẹ́. Ó wò ó, kò bú mi mọ́.

Mo lọ sọ́dọ̀ ọkọ Mama Tega pẹ̀lú. Mo rò pé yóò lù mí, mo sì ti múra sílẹ̀. Ó béèrè pé ọjọ́ wo ni a fọ aṣọ náà. Mo sọ fún un. Ó ní òun rántí ọjọ́ náà, pé ìyàwó òun dé pẹ̀lú ọwọ́ tí ń yún un, ó sì sọ pé òun bá Bose fọ aṣọ. Ó ní kí n máa lọ. Mo ṣì ń gbọ́ bí ó ṣe sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò le rárá.

Ọjọ́ kejì ni mo pè yín, Màmá. Mo ní kí ẹ wọ́ ọkọ̀ náà sókè, kí ẹnikẹ́ni má wọ inú rẹ̀, pé ọwọ́ mi ni ó bà á jẹ́. Ẹ gbọ́ mi yé. Ẹ ní Tósìn kò ní wọ̀ ọ́ mọ́, ẹ ṣàdúrà fún mi, mo sì sùn lọ́jọ́ yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ pé èmi ni. Àṣé ohun tí ẹ gbọ́ ni pé kí ọkọ̀ náà kúrò nílé wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Tósìn fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé ẹ ti tà á ní Ìgbókòdá.

Mo mọ gbogbo ohun tí ẹ wí. Ẹ ní ẹni tí ó rà á ní ojú, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ ní omi ṣíbí kan kò wọ̀ ọ́ rí lọ́wọ́ Tósìn. Ẹ ní ẹ ti fi owó náà kan òrùlé, pé bí ẹni náà bá padà wá gba owó rẹ̀, kí ni a ó fi fún un. Ẹ tún ní kí n má sọ ọmọ yín di apànìyàn lójú ìlú. Màmá, ẹni kan ti kú. Ohun tí mo jẹ́, mo ti jẹ́ ẹ ná. Èmi fọ aṣọ náà nínú àìmọ̀, ẹ̀yin ta ọkọ̀ náà pẹ̀lú ìmọ̀. Ó dùn mí láti kọ ọ́. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi pé bí a bá ń gé igi nígbó, ká fọ̀ràn ro ara ẹni wò. Ká ní ìyá ọmọ mìíràn ni ó ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún Tósìn, tí ó sì mọ̀, kí ni ẹ̀ bá ṣe fún un?

Ìwọ tí o ra ọkọ̀ náà, bí o bá ń gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, bóyá àgbà ni yín, n kò mọ̀: búlúù ni, ìlà funfun wà létí rẹ̀ bí ẹ kò bá tíì kùn ún. Lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, mo fi ìṣó kọ lẹ́tà B kékeré sí i. Ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ fi owó onírin wẹ́wẹ́ kàn án nídìí láti orí dé ìdí. Bí ó bá ń dún kó kó, tí ó wá dún bòò níbì kan, omi ti wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí ó funfun tàbí tí ó wú, ó ti pẹ́. Bí ẹ kò bá sì rí nǹkan kan, ẹ má tìtorí bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ má lẹ̀ ẹ́. Ẹ má tà á. Ẹ gbé ayùn sí i. Èmi ni n ó san owó yín, mo ti rí iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà kan ní Deco Road, ẹrù ni mo ń rù níbẹ̀. Yóò pẹ́ kí n tó san án tán, ṣùgbọ́n n ó san án. Nítorí rẹ̀, Màmá, ohun tí mo ń fi ránṣẹ́ sílé yóò dínkù. Ẹ bá mi bẹ ìyàwó Tósìn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ọkọ̀ búlúù níbi gbogbo báyìí. Bí mo bá dúró létí omi, tí ọ̀kan bá ń kọjá, n ó máa ka orí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ mi kò sí ní Warri. Síbẹ̀ n ó kà wọ́n.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí fún wa, Màmá. Kí ó wo ẹsẹ̀ yín sàn. Kí òjò má ba òrùlé tuntun náà jẹ́. Kí òkun má gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ìhà ọ̀dọ̀ yín. Ẹ bá mi kí Tósìn, ẹ sọ fún un pé n kò bínú sí i. Ẹ kí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Ẹ kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ yín níbi ẹja. Àlàgbà, ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Màmá, ó ku ẹnì kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi kí. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ náà ni. Ẹ bá mi kí i, kí ẹ kí ìyàwó rẹ̀, kí ẹ kí àwọn ọmọ tí ó ń gbé sínú rẹ̀ lọ sódò. Àlàgbà ti jókòó tì yín báyìí. Bí ẹ bá ti ń kí i, ẹ dárúkọ rẹ̀ sókè, kí wọ́n gbọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Abọ́sẹ̀dé.